Ọ̀sẹ̀ Tí Ọ̀nà Wa Mọ́

Ọ̀nà burúkú ló ń bọ́ mi, mi ò ní í purọ́. Ìṣó, àfọ́kù ìgò, òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kòtò tó lè gbé ewúrẹ́ mì: gbogbo ohun tí àwọn awakọ̀ ń torí ẹ̀ ṣépè, èmi ló ń bá gbọ́ bùkátà. Táyà ni mo ń lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìkóríta tí ọ̀nà ìlú wa ti já sí ọ̀nà odò, lábẹ́ igi ńlá kan. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà wà níbẹ̀, ọpọ́n omi tí mo fi ń wá ibi tó jò náà wà níbẹ̀. Ìyá Táyà ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá wá pè mí ní nǹkan mìíràn, agbowó-orí ni.

Àǹtí mi ní tiwọn kórìíra ìdọ̀tí ju bí mo ṣe kórìíra agbowó-orí lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, àwọn ni àgbà, èmi ni àbúrò. Àwa méjèèjì la kù nílé bàbá wa, yàrá wọn kọjú sí tèmi. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ni kí wọ́n máa tọ́jú àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé, orúkọ iṣẹ́ náà ò sì kúrò lára wọn: Mátírọ̀nù ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Bí Mátírọ̀nù bá lọ kí èèyàn nílé, wọ́n lè fi ìka kan nu ojú fèrèsé, kí wọ́n wo ìka náà, kí wọ́n má sọ nǹkan kan. Onílé á kàn máa làágùn ni. Láràárọ̀, wọ́n á gbá iwájú ilé wa, wọ́n á gbá a dé ojú títì, wọ́n á wá ṣa gbogbo ìṣó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi sínú agolo.

"Ẹ̀yin Àǹtí yìí, oúnjẹ mi lẹ ń gbá dànù yẹn o!" Bí mo ṣe máa ń pariwo nìyẹn.

"Lọ wá iṣẹ́ tí kì í jẹ ìṣó," èsì tiwọn nìyẹn.

Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ kí àìsàn kíndìnrín tó dé. Àìsàn náà ò pariwo. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú, a ní ìdúró ni. Ojú tún wú, a ní oorun ni. Ìgbà tí a fi máa mọ nǹkan tó jẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kan wà ní ọsibítù ńlá ní olú-ìlú, ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn jáde, á fọ̀ ọ́, á sì dá a padà sára. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Àǹtí mi gbọ́dọ̀ lọ sùn tì í. Kò sí irú ẹ̀ ní ibòmíràn ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí.

Ẹ wá wo ìrìnàjò o. Láti ilé, ọ̀kadà dé etí odò. Ní etí odò, wọ́n á dúró kí ọkọ̀ ojú omi kún, nítorí ọlọ́kọ̀ ò ní í fi àyè ẹnì kan ṣòfò. Wọ́n á sọdá, wọ́n á gun òkè, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì náà á tún dúró kó kún. Tí bọ́ọ̀sì bá wọ olú-ìlú, ó di kí wọ́n máa jókòó sínú ooru láàárín àwọn ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan. Lílọ nìyẹn. Tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ wọn tán, tí ara wọn ti rọ bí aṣọ tí wọ́n fún, gbogbo ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n á tún tọ̀ padà. Tí òjò bá wá mú kí odò kún, ọkọ̀ ojú omi ò ní í ṣiṣẹ́, àfi kí èèyàn lọ yí gba afárá tó wà lókè pátápátá, sùn sọ́nà, kí ó sì máa gbàdúrà. Ìgbà kan wà tí odò kún tí wọ́n pàdánù ọjọ́ kan péré. Ojú wọn wú débi pé èmi tí mo jẹ́ àbúrò wọn wò wọ́n, mo sá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Dókítà ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní, "Mà, àìsàn yìí kọ́ ló máa pa yín. Ọ̀nà ló máa pa yín. Ẹ kó wá sí ìtòsí."

Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní olú-ìlú, òun àtìyàwó àtàwọn ọmọ, nínú yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó bẹ̀ wọ́n títí. Àǹtí mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò ní í lọ kú sílé tí mi ò ti mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wà." Wọ́n sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ilé bàbá wa ni wọ́n fẹ́ wà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n fẹ́ wà. Kí n sọ òótọ́, èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n lọ.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí rédíò sọ pé ìjọba fẹ́ tún gbogbo ọ̀nà ìpínlẹ̀ ṣe. Wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì kọ́ etí odò níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, wọ́n á ra bọ́ọ̀sì tuntun, èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, wọ́n á la ojú irin láti apá òkè wọ olú-ìlú, wọ́n á kọ́ afárá tiẹ̀ sórí odò. Ọkọ̀ ojú irin náà á dúró níbì kan ṣoṣo ní agbègbè wa. Bí kò bá jẹ́ ìlú wa, á jẹ́ ìlú ẹ̀yìn òkè. Ìlú ẹ̀yìn òkè! Àwọn tí ewúrẹ́ àti ọkọ̀ ń bára wọn du ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni ò dá sí i.

Àǹtí mi jókòó ti rédíò náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. "Tí mo bá wọkọ̀ láàárọ̀, oòrùn ò tíì ní í mú tí màá fi dé ọsibítù. Wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ mi tán, màá nà gbalaja sórí àga, màá sùn dé ilé. Àbúrò mi, mi ò ní í gun ọ̀kadà mọ́!" Ojú wọn ń dán. Mi ò rí i kó dán bẹ́ẹ̀ látìgbà tí àìsàn ti dé. Inú mi dùn débi pé mo lẹ táyà ẹnì kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà, ohun tí n kì í ṣe.

Kò pẹ́, ìjọba kọ̀wé sí Alága. Alága ni olórí ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn, ó sì fẹ́ràn gbólóhùn gígùn. Ó pe ìpàdé, ó ní ìjọba ń rán òṣìṣẹ́ kan bọ̀ tó máa wà lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, kí wọ́n tó mọ ìlú tí wọ́n máa mú. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà fẹ́ wá ṣe, ìwé ò sọ, Alága náà ò wádìí. Ẹnikẹ́ni ò béèrè. Gbogbo wa la rò pé a ti mọ̀.

Mátírọ̀nù ló dìde. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi nílé-ìwé ni mo fi gba àlejò ìjọba," wọ́n ní. "Mo mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Àbùkù ni wọ́n ń wá. Tí wọ́n bá rí ìdọ̀tí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ ariwo, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, àwọn ọmọ tó ń wúkọ́, a ó fi wọ́n pamọ́. Àwọn alágídí, a ó kó wọn lọ sẹ́yìn ọgbà. Ilẹ̀ á mọ́, gbogbo ibẹ̀ á pa rọ́rọ́. Ẹ béèrè, wọn ò dójú tì wá rí."

Ìlú pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú ọwọ́ mi tó dúdú fún ọ̀rá táyà. Ta ni kò pàtẹ́wọ́? Lónìí, àwọn kan ń sọ pé ọkàn àwọn sọ fún àwọn lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ojú mi ló ṣe.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin dí kòtò. Àwọn ọ̀dọ́ to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, wọ́n kùn wọ́n ní funfun. Mátírọ̀nù dúró láàárín títì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ bí ọ̀gágun, wọ́n ń fi í júwe ibi tí kò tíì mọ́. Wọ́n wá ṣòfin: ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀kadà ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ ẹrù ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ o, ọmọlanke o, ewúrẹ́ o. Ẹni tó bá lè jókòó sílé kó jókòó. Ẹni tí ìrìnàjò bá pọn dandan fún, kó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé lọ sí odò. Wọ́n ní kí èmi náà kó táyà mi wọlé.

Inú bí mi. "Àǹtí, kí ni kí n máa jẹ?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré. Ṣebí tí ọkọ̀ ojú irin bá dé, iṣẹ́ á ya dé."

"Ọkọ̀ ojú irin ò ní táyà, Àǹtí!"

Wọ́n wò mí, ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kó táyà mi wọlé.

Ẹni tí ìjọba rán dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òun nìkan. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ó tín-ín-rín, ó dé fìlà, ó gbé àga tí wọ́n ń ká dání. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun lè jókòó sábẹ́ igi mi. Mo ní kí ló dé, jókòó. Ó kọjú sí ọ̀nà, ó mú nǹkan kékeré kan sọ́wọ́, ó gbé àtàǹpàkò lé e, ó wá ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀nà náà funfun lọ, ó funfun bọ̀. Ẹyẹ là ń gbọ́.

Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Mà, ṣé bí ìlú yín ṣe máa ń dákẹ́ nìyí?"

Mo sì fọwọ́ sọ̀yà dá a lóhùn! Mo ní, "Ìlú àlàáfíà ni wá, ọmọ mi."

Ó ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Mo rò pé òùngbẹ ni. Mo lọ bu omi fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ti wà nílé, Àǹtí mi á wọ aṣọ dáadáa wá jókòó tì í. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, wọ́n ń bi í léèrè ìyá rẹ̀. Wọ́n á wá ní, "Ṣé o rí ọ̀nà wa?" Ọmọ náà á ní, "Ó mọ́ o, Mà. Ó mọ́ gan-an ni." Àǹtí mi á yí ojú sí mi, bí ẹni pé ṣé mo gbọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kọjá lọ́sẹ̀ náà. Ewúrẹ́ ni, ti Alága fúnra rẹ̀. Ó já okùn, ó gba àárín títì, Alága sì gbá tẹ̀ lé e tòun ti kóòtù. Àárín ọ̀nà ló ti rántí pé òun náà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ló bá sá wọ gọ́tà, ó lóṣòó. Orí rẹ̀ ṣì ń yọ síta. Ọmọ ìjọba bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń mì, Àǹtí mi sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Má kọ ìyẹn sílẹ̀ o. Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbí."

Ẹ̀rín yẹn kọ́ lohun tí mo ń rántí jù. Ọjọ́ ọsibítù wọn bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ náà. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà gbé yín gba títì. Ara yín ò yá, ta ló máa bá yín wí?" Wọ́n ní rárá. "Èmi ni mo ṣòfin, kí n tún wá jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ rú u? Ojú wo ni màá fi wo ìlú?" Ẹ̀yìn ilé-ìwé ni wọ́n ní kí ọ̀kadà gbé wọn gbà lọ, tòun ti gbòǹgbò àti òkúta ibẹ̀, ẹ̀yìn ilé-ìwé náà ni wọ́n gbà bọ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn wọlé ni. Ètè wọn funfun, báńdéèjì apá wọn ti rin fún ẹ̀jẹ̀ nítorí bí ọ̀kadà náà ṣe ń gbọ̀n wọ́n. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà wọn, wọ́n la ojú.

"Ọmọ ìjọba yẹn ńkọ́? Ṣé ó rí ìdọ̀tí kankan?"

"Kò rí, Àǹtí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sùn lọ. Ọjọ́ kejì tó tún yẹ kí wọ́n lọ, ẹ̀yìn ilé-ìwé yẹn náà ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ọmọ náà ká àga rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, kò tètè fi í sílẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ní kí la fẹ́ bínú sí? Mo rò pé nítorí ìbòòji mi tó gbà ló ṣe ń tọrọ àforíjì.

Òjò kan lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, rédíò wá kéde. Ìlú ẹ̀yìn òkè ni.

Yéè! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Gbogbo ìlú gbaná jẹ. Alága ní wọ́n ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Èmi ṣépè, mi ò fi bò, mo ṣépè fún ìlú ẹ̀yìn òkè tèèyàn tewúrẹ́. Àǹtí mi nìkan ni kò pariwo. Wọ́n pa rédíò. Wọ́n ní, "Nǹkan kan wà tí a ò ṣe dáadáa. Mo fẹ́ mọ ibi tí ó kù sí." Wọ́n ní tí àwọn bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ ọsibítù tó ń bọ̀, a jọ máa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, èmi, àwọn, àti Alága.

Bí a ṣe gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì náà nìyẹn, Àǹtí mi fi gbogbo ara ti mí. Yàrá kan ni, tábìlì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ya àwòrán ìpínlẹ̀ wa bo ògiri kan látòkè délẹ̀. Ìlà pupa ni ọ̀nà ọkọ̀, ìlà búlúù ni odò, ìlà dúdú ni ojú irin. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti máa dúró, wọ́n fi àmì róbótó sí i. Mo wá ìlú wa títí. Mo rí i, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ìlà dúdú gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò yà.

Ọmọ yẹn ló jókòó sídìí tábìlì kan. Bó ṣe rí wa, ó dìde fuu, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní í jókòó," Àǹtí mi dá a lóhùn. "Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Sọ fún mi. Ìdọ̀tí wo lo rí?"

"Mi ò rí ìdọ̀tí kankan, Mà."

"Kí lo wá rí?"

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan, Mà. Wọn ò rán mi wá wo ọ̀nà. Èèyàn ni wọ́n ní kí n wá kà, òun ni mo ṣe mú ẹ̀rọ kékeré yẹn lọ́wọ́. Ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń bọ̀, ọkọ̀, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́. Ìlú tí èrò bá ti ń rìnrìn àjò jù lọ ni ọkọ̀ ojú irin máa dúró sí. Mo jókòó látàárọ̀ dalẹ́, ẹnì kan ò kọjá. Ewúrẹ́ nìkan ló kọjá, wọn ò sì ní ká ka ewúrẹ́."

Alága fò dìde. "Èrò kẹ̀? Ṣé èrò lẹ fẹ́? Lọ́la, a máa da èrò sí títì débi pé ẹ ò ní í rí ilẹ̀!"

"Ìdí tí wọ́n ṣe ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, sà. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n lọ háyà èrò." Omi ti ń bọ́ lójú ọmọ náà. "Mà, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín. Mo jẹ oúnjẹ yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ, wọ́n á lé mi, wọ́n á sì fagi lé ìlú yín."

Àǹtí mi fọwọ́ ti tábìlì. Wọ́n wá ní, jẹ́jẹ́, "Èmi náà rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn."

"Ọ̀nà wo lẹ gbà, Mà?"

"Ẹ̀yìn ilé-ìwé."

Mo ń gbọ́ fáànù lókè.

"Ká ní a ò fọwọ́ kàn án ńkọ́?" Àǹtí mi béèrè. "Ká ní a fi ọ̀nà wa sílẹ̀ bó ṣe máa ń rí?"

Ọmọ náà wò mí, bí ẹni ń bẹ̀ mí kí n gba ẹrù náà lọ́wọ́ òun. Kí ni mo lè ṣe? Mo wo ibòmíràn.

"Ẹ̀yin lẹ ò bá gbà á, Mà," ló wí. "Ìlú yín ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fọkàn sí."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, Àǹtí mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kàn án lórí, a sì sọ̀ kalẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi orí ti fèrèsé. Alága ń sọ ti ìwé ẹ̀sùn, ó ń sọ ti ilé-ẹjọ́, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fún wa láyè ká mí.

A dé etí odò, ọkọ̀ ojú omi ti ń kún. Ẹ wo èrò! Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tó ń ti ìlú bọ̀, àwọn abiyamọ, àwọn tó gbé àpò ìrẹsì, ẹnì kan tó gbé odidi ìlẹ̀kùn sórí. Ọlọ́kọ̀ ń pariwo pé kí wọ́n sún mọ́ra, ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Ìdajì wọn, ọmọ ìlú wa ni. Mátírọ̀nù jókòó sáàárín wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, látiwájú dé ẹ̀yìn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbé ìlẹ̀kùn yẹn kí wọn. "Mátírọ̀nù wa! Ẹ kú ìrìn o. Ṣé wọ́n ti fún wa lọ́kọ̀ ojú irin náà?"

Àǹtí mi na ọwọ́ sí gbogbo èrò ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé bí ẹ ṣe máa ń pọ̀ tó nìyí lójoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́ kẹ̀, Mà! Àfi ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní ká jókòó sílé yẹn."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ nǹkan kan, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí àgbà tó fẹ́ràn ni. Àǹtí mi náà bá wọn rín in. Wọ́n rín in, wọ́n rín in, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Mo ti mọ̀ kí n tó rí i. Mo fà wọ́n mọ́ra, wọ́n fi etí aṣọ bojú.

"Èmi ni, àbúrò mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbá a dànù."

"Gbogbo wa ni, Àǹtí. Gbogbo ìlú ló gbá a."

"Ìgbálẹ̀ ta ni?"

Mo fi etí aṣọ tèmi nu ojú wọn.

Alága pe ìpàdé, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mátírọ̀nù ò lọ. Ìbínú mú mi dé ibẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ Àǹtí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, n óò já atẹ́gùn táyà rẹ̀ láàárín ọjà. Òótọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ: kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ràn wọn. Bóyá ìyẹn gan-an ló dun Àǹtí mi jù.

Òjò tó tẹ̀ lé e, odò kún, wọ́n tún pàdánù ọjọ́ ọsibítù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò jẹ́ kí ọmọ wọn bẹ̀bẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó wá gbé àwọn. Mo bá wọn di ẹrù. Aṣọ wọn ni mo ń ká, mò ń tú u, mò ń tún un ká, kí ó lè pẹ́. Wọ́n rí mi, wọn ò bá mi wí. Láàárọ̀ tí wọ́n lọ, wọn ò gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ara wọn ti le díẹ̀ báyìí, mi ò ní í ṣe aláìmoore. Ojú wọn ò wú mọ́. Ìyàwó ọmọ wọn ń tọ́jú wọn, èèyàn dáadáa ni. Wọ́n kàn ń jókòó sójú fèrèsé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo bá rí àyè, èmi ni mò ń gun ọ̀kadà, tí mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tí mò ń dúró de bọ́ọ̀sì kó kún. Tí mo bá fi máa débẹ̀, ó ti tó àkókò láti máa padà. Àárò wọn ń sọ mí. Kì í ṣe àwàdà, ilé náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ilé dákẹ́ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù. Wọn kì í béèrè ilé, wọn kì í béèrè yàrá wọn. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń béèrè.

"Ọ̀nà ńkọ́?"

"Àǹtí, ó dọ̀tí. Kòtò ti padà, ìṣó kún ibẹ̀. Ewúrẹ́ Alága ti bí, gbogbo wọn ló wà láàárín títì. Ọkọ̀ ẹrù méjì dojú kọra látàárọ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnì kan kọjá. Ariwo wọn lẹ ń gbọ́ yẹn."

Wọ́n á máa tẹ́tí sí ariwo náà.

"Ṣé èrò pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, Àǹtí."

"Ó dáa," wọ́n á ní. "Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a o."

Màá ní mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n gbá a. Kò sẹ́ni tó tún ń bọ̀ wá kà wá mọ́. Àǹtí mi náà mọ̀.